Ìka Mẹ́rin Lórí Èjìká

Ara ògiri pálọ̀ Màmá, ní fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ tiwa ní Festac, ni mo ti kọ́kọ́ rí fọ́tò náà. Kì í ṣe fọ́tò gidi. Ojú ewé kan ni tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn aláwòrán tí ìjọba Rọ́ṣíà máa ń tẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè. Káfíńtà kan ní Agboju ló bá wọn kan férémù sí i. Ènìyàn mẹ́fà ló dúró níwájú àtẹ̀gùn ilé ńlá kan. Ẹni tó wà láàárín wọ aṣọ ológun, àmì ẹ̀yẹ sì bo àyà rẹ̀. Ọ̀kan ni lára àwọn tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rán lọ sí òfurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni àwọn márùn-ún tó kù. Ẹnì kejì láti apá ọ̀tún ni ọmọ Màmá. Ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, kóòtù tó wọ̀ fẹ̀ jù ú lọ léjìká, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé èjìká ọmọkùnrin kúkúrú kan tó jọ ará Íńdíà.

Kóòtù olóògbé bàbá rẹ̀ ni. Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kí ọmọ tó wọkọ̀ òfurufú, pé kí ó bá òun ká a wọlé. Télọ̀ ká apá rẹ̀, ó gbàgbé èjìká. Kò sí àlejò tó wo fọ́tò náà tí Màmá kò ní sọ ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn fún, bí ẹni pé iṣẹ́ télọ̀ náà ni Rọ́ṣíà fẹ́ fi han gbogbo ayé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnlú, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun kan ní Amuwo. Nǹkan tuntun ni gbogbo àdúgbò wa. Ayẹyẹ àṣà adúláwọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ìlú náà ti kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń kó wọlé láti kílóòsì dé kílóòsì, bí a ṣe ń pe àwọn òpópónà kéékèèké ibẹ̀, òórùn ọ̀dà sì ṣì ń jáde lára ògiri bí oòrùn bá mú. Ọmọbìnrin Màmá, tó ń tẹ táípì ní mínísírì kan, ni ìbò tí ìjọba fi pín ilé mú fún fúláàtì ìsàlẹ̀. Àǹtí ni mò ń pè é torí pé ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ìbejì ni òun àti ẹni inú fọ́tò. Màmá kì í pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Ẹ̀jìrẹ́ ló ń pe àwọn méjèèjì, ẹni tó wà nílé àti ẹni tí kò sí.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí lẹ́tà kò wá mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, oṣooṣù ni. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì Àǹtí ni arákùnrin rẹ̀ máa ń kọ sí ara àpòòwé, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn máa ń wọ ilé wọn, bí yóò bá wọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, tí bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ bá ti já wọn sílẹ̀, Màmá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í béèrè nǹkankan. Á kàn wo báàgì ọmọ rẹ̀. Àǹtí á ní, “Kò sí lẹ́tà lónìí, mà.” Màmá á ní, “Ó dáa. Wá jẹun.” Mo gbọ́ gbólóhùn méjèèjì yìí léraléra láti òkè níbi tí mo ti ń máàkì ìwé, débi pé ọwọ́ mi máa ń dúró fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Inú lẹ́tà ìkẹyìn ni ojú ewé ìwé ìròyìn náà ti wá. Àǹtí fún mi kà. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ọ̀gágun tó lọ sí òfurufú wá kí àwọn nílé ìwé, ó sì bọ òun lọ́wọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi kún un pé inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan kò dùn sí ilé tí wọ́n fi àwọn sí, pé àwọn ń múra láti lọ fi ẹjọ́ sùn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ náà kéré jù láti fi gbé ìdájọ́ kankan kalẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Àǹtí. Ó ní òun mọ̀, pé òun kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn náà ti kà á ni.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́ mọ̀ ní ayé: ṣé ọmọ òun wà láàyè. Fọ́tò ara ògiri ló ń fi dá ara rẹ̀ lóhùn. “Ẹni tó dé ọ̀run tó tún padà wálé ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́,” ló máa ń sọ fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. “Kí ló tún lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?” Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ṣe àmín.

Ní sáà kejì, páálí ìwé méjì dé ilé ìwé wa lọ́fẹ̀ẹ́, láti orílẹ̀-èdè kan náà. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n tò wọ́n sí láíbìrì, torí rọ́kẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ nínú wọn, èmi sì ni mo ń kọ́ físíìsì. Ìwé ńlá aláwòrán kan wà níbẹ̀ lórí ìrìn-àjò òfurufú, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn tí ilé ìwé ti túká. Mo gbádùn wọn gan-an, n kò ní purọ́.

Ìṣesí tíṣà ló kó bá mi. Ẹni tó bá ti ń ka orí àwọn ọmọ ní kíláàsì láràárọ̀, ojú rẹ̀ kì í lè ṣe kó má ka orí mọ́. Mo rí fọ́tò àwọn arìnrìn-àjò òfurufú nínú ọgbà òdòdó kan, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, àwọn kan jókòó, àwọn kan dúró lẹ́yìn wọn lórí àtẹ̀gùn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Nínú ìwé ńlá, mẹ́jọ. Mo tún wọn kà. Níbi tí ẹnì kẹsàn-án dúró sí lórí àtẹ̀gùn, igi òdòdó kan ló wà níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ayàwòrán ya wọ́n, pé ẹnì kan kúrò láàárín méjì. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tó kù ń di ojú kan ní ìdajì nínú fọ́tò kìn-ín-ní, ó sì ń di ojú kan náà ní ìdajì nínú èkejì. Afẹ́fẹ́ gbé kọ́là ẹlòmíràn sókè bákan náà nínú méjèèjì. Òjìji wọn kò yí. Ènìyàn mẹ́jọ kò lè tún ojú kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àlàyé míràn tó dúró: wọ́n ti yọ ọkùnrin náà kúrò, wọ́n sì gbin òdòdó síbi tó wà.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà lọ́nà míràn. Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó kùnà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fi imú rọ́kẹ́ẹ̀tì hàn, wọ́n fi iná ìdí rẹ̀ hàn, àárín rẹ̀ kò hàn rí. Lẹ́yìn àwọn ènìyàn kan, ẹ̀rọ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti di kùrukùru. Mo ń ṣí i lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, títí mo fi ṣí ojú ewé kan tí mo rí àtẹ̀gùn ilé ńlá tí mo mọ̀.

Ọ̀gágun náà wà láàárín. Ọmọ Íńdíà wà ní ìparí apá ọ̀tún. Àwọn márùn-ún péré ni wọ́n. Òpó funfun kan dúró láàárín ọmọ Íńdíà àti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Mo mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá nínú yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo sì kó ìwé náà sábẹ́ apá lọ sílé. Ó yẹ kí n dúró de Àǹtí. Mo ti ro èyí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí àwáwí kankan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, Àǹtí ṣì wà níbi iṣẹ́. Màmá jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí i, mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n sọ férémù kalẹ̀ kí n wo nǹkan kan. Ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n má jẹ́ kí dígí rẹ̀ fọ́.

Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ọ̀kan náà ni wọ́n: ẹ̀rín kan náà, òjìji kan náà. Mo gbé dígí lé òpó funfun. Mo rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lé èjìká ọmọ Íńdíà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti gbàgbé nǹkan. Ìka mẹ́rin ṣì wà lórí èjìká yẹn. Ó gbìyànjú láti sọ wọ́n di ìṣẹ́po aṣọ, ṣùgbọ́n ìka ni wọ́n. Wọn kò ní ọwọ́, wọn kò ní ẹni tó ni wọ́n.

Màmá ti dúró lẹ́yìn mi. N kò gbọ́ nígbà tó dìde.

“Tíṣà, kí lò ń wá lára ọmọ mi?”

Ó ṣeé ṣe kí n pa irọ́. Mo lè ní mò ń wo ilé náà ni. Ṣùgbọ́n n kì í yára pa irọ́, kí n sì tó wá ọ̀kan, ó ti na ọwọ́ gba dígí. Kò nílò rẹ̀. Ó wo fọ́tò ara rẹ̀, ó wo ti inú ìwé, ó fi ìka tẹ òpó funfun náà bí ẹni pé nǹkan lè wà lábẹ́ rẹ̀.

“Èmi arúgbó yìí, ojú mi ò dáa mọ́. Ibo ló wà?”

Mo ní, “Wọ́n ti yọ ọ́, mà.”

“Wọ́n yọ ọ́ báwo?”

Mo ṣàlàyé. Mo ní wọ́n máa ń fi ọ̀dà kun ara fọ́tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ti ọgbà òdòdó hàn án kó lè rí i pé àṣà wọn ni, pé kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ nìkan. Mo rò pé èyí máa tù ú nínú. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó sì padà jókòó sórí àpótí.

Ó ní, “Ta ló ń tọwọ́ bọ fọ́tò ẹni tó wà láàyè?”

Ìbéèrè yẹn kò yé mi. Ó rí i pé kò yé mi. Ó wọ yàrá, ó sì mú fọ́tò kékeré kan jáde nínú àpótí aṣọ, etí rẹ̀ ti pọ́n. Ọmọbìnrin méjì tí wọn kò ju ọdún mẹ́rin lọ ló jókòó lórí ẹní, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, ojú kan náà. Ó ní àbúrò òun ni, ìbejì. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì. Èkejì ti kú kí wọ́n tó rántí láti ya wọ́n pọ̀, ni ìyá àwọn bá gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò ìlú àwọn, oní-fọ́tò sì ya ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e jókòó ti ara rẹ̀, kí èyí tó lọ má baà bínú, kí èyí tó kù má baà dá wà. Ó ní gbogbo ìlú àwọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ẹni tó wà láàyè, bí wọ́n bá ṣe yà á ni wọ́n á ṣe gbé e kọ́. Ikú nìkan ló ń mú kí wọ́n tún un ṣe.

“Tiwa, a máa ń dá òkú padà,” ló wí. “Tiwọn, wọ́n máa ń gbé e kúrò. Kò sí ìyàtọ̀.”

Mo ní ìyàtọ̀ wà. Mo ní wọ́n lè yọ ènìyàn torí pé ó ṣẹ̀ wọ́n, torí pé ó kúrò ní ilé ìwé, torí pé ó sá lọ sí orílẹ̀-èdè míràn, tàbí torí pé ìka rẹ̀ kàn wà níbi tí wọn kò fẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ibi, pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí gun òkè wá bá mi. Kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

“Màmá ní kí n wá ọjọ́ kan tí ọwọ́ mi máa dilẹ̀. Ó ní èmi àti ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fọ́tò ní Agboju, kí ó yà mí ní méjì.” Ó wò mí. “Bí mo bá jókòó síwájú ọkùnrin yẹn, mo ti sin arákùnrin mi nìyẹn. Ṣé o mọ̀?”

Mo ní mo mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló fẹ́, kí n lọ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe.

Mo gbìyànjú. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 2 lọ sí Erékùṣù Èkó, sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń pín àwọn ìwé Rọ́ṣíà. Obìnrin Yorùbá kan ló jókòó sí iwájú. Ó yájú sí ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rín, n kò sì lè bínú sí i. Ó ní, “Bùọ̀dá, ọmọ tí kì í kọ lẹ́tà sílé kò mọ sí Rọ́ṣíà. Tèmi wà ní Ìbàdàn, kò kọ.” Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, mo kọ orúkọ ọmọ náà àti ilé ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo wá ṣí ìwé ńlá, mo fi òpó funfun àti ìka mẹ́rin hàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni nínú àwọn yàrá inú lọ́hùn-ún, pé òun ní ọmọ mẹ́ta tí òun ń bọ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ká kàlẹ́ńdà kan fún mi. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà lára rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà méjì sí ilé ìwé ọmọ náà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi bi ẹnì kan tó mọ̀ ní mínísírì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni náà ní wọ́n máa wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, Àǹtí sì ń sún ọjọ́ Agboju síwájú. Fọ́ọ̀mù kò fọhùn, lẹ́tà kò fọhùn, mínísírì ṣì ń wò ó.

Àǹtí tún gun òkè wá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n lọ sọ fún Màmá pé èsì ti dé. Kí n kàn ní wọ́n ní ó wà láàyè, wọ́n gbé e lọ sí ìlú míràn tí ìfìwéránṣẹ́ kò ti já gaara. Gbólóhùn kan péré. Màmá máa gbà á gbọ́, ó ní, torí pé èmi ni mo sọ ọ́, torí pé gbogbo kílóòsì mọ̀ pé n kì í sọ ohun tí n kò rí. Ìdí yẹn gan-an ni n kò fi lè sọ ọ́. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá òótọ́ ni mo ń dáàbò bò ni àbí orúkọ ara mi. Títí di òní, n kò lè dá a lẹ́jọ́.

Mo lọ bá Màmá ṣá. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣeé sọ: pé àìsí nínú fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí ikú. Bíbélì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

“Tíṣà, ṣé o lè fi èyí búra pé ọmọ mi wà láàyè?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé o lè fi í búra pé ó ti kú?”

“Rárá, mà.”

“Kí ni wọ́n wá kọ́ ẹ ní yunifásítì?”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ó ní òun ti fi ọdún méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹsẹ̀ ti ń dun òun. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá wọn lọ sí Agboju ní ọjọ́ Sátidé, torí pé èmi ni mo mọ̀ nípa fọ́tò.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fọ́tò wà lẹ́yìn ọjà, ní ojú ọ̀nà Ojo àtijọ́. Arúgbó ni, ẹ̀rọ ìyàwòrán onígi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń lò. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí i nínú iṣẹ́ tí a gbé wá. Ó béèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ló lọ. Màmá ní ọkùnrin. Ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó ní kí Ọlọ́run dá èyí tó kù sí. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Màmá yíjú sí mi.

Mo ní, “A ò mọ̀, sà.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. “Ẹ ò mọ̀?”

Ó tún awò wọ̀, ó sì fi bébà dúdú kan bo ìdajì ojú ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é nìyí: á kọ́kọ́ bo ìdajì kan, á ya ẹni náà sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà á gbé bébà sí òdì kejì, ẹni náà á pààrọ̀ aṣọ, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, òun á sì yà á lórí fíìmù kan náà. Bí kò bá mi ẹ̀rọ, ojú kò lè rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Mo mọ ìdí tó fi ṣeé ṣe. Mo lè yà á sí ojú pátákó fún kíláàsì mi.

Wọ́n ní kí n di aṣọ funfun mú kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí ojú Àǹtí dáadáa. Ó jókòó sí apá ọ̀tún nínú gáàùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bàbá Fọ́tò ní kó má mí. Kò mí. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wọ ṣòkòtò, ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀ kan tó kù, ó sì fi fìlà bo irun dídì rẹ̀. Kóòtù náà fẹ̀ jù ú lọ léjìká. Màmá wò ó, ó sì na ọwọ́ síwájú díẹ̀, kí ó tó fà á padà.

“Ẹ̀jìrẹ́ mi,” ló wí.

Àǹtí jókòó sí apá òsì. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí afẹ́fẹ́, bí ẹni tó gbé e lé èjìká ẹnì kan.

Bàbá Fọ́tò ní kó fà á sẹ́yìn. Ó ní ohun tó bá kọjá ààlà, bébà dúdú á gbé e mì.

Àǹtí ní, “Bó ṣe dúró nìyẹn.”

“Ọmọ mi, kò ní hàn.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Kò fà á sẹ́yìn. Bàbá Fọ́tò wo Màmá, ó sì padà sẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo di aṣọ funfun mú ṣinṣin, torí mò ń bẹ̀rù pé ìmọ́lẹ̀ á mì, pé wọ́n á ní kí Àǹtí tún jókòó.

A padà lọ gbà á ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ìbejì ni wọ́n lójú ẹnikẹ́ni. Apá ọkùnrin náà nà lọ sí ọ̀dọ̀ arábìnrin rẹ̀, ó sì parí ní ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, ògiri ló kù. Kò sí nǹkankan lórí èjìká Àǹtí. Bàbá Fọ́tò ní òun lè fi búrọ́ọ̀ṣì tún un ṣe, kó dà bíi pé ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, kò ní pẹ́.

Màmá di fọ́tò náà mú títí. “Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́,” ló wí.

Fọ́tò tuntun ló wà lára ògiri báyìí. Màmá di bàtà ọmọ rẹ̀ méjì àti àwọn ìwé girama rẹ̀ sínú páálí, ó fi ránṣẹ́ sí ilé wọn ní Ìjẹ̀bú. Pásítọ̀ kọ̀ láti ṣe ìsìn, ó ní kò sí òkú, ṣùgbọ́n ó wá gbàdúrà níjọ́ kan. Ojú ewé ìwé ìròyìn tó wà nínú férémù tẹ́lẹ̀, Màmá ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó wà nínú ìwé ńlá náà lọ́wọ́ mi, ojú kan pẹ̀lú èkejì. Mo ṣì máa ń ṣí i. Ohun tí mo mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i ni mo ṣì mọ̀: ó wà níbẹ̀ nígbà kan, ẹnì kan sì fẹ́ kí a gbà pé kò sí níbẹ̀ rí. Ohun tó kù, n kò mọ̀ ọ́n.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ń já wọn sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́, inú kíṣìnì ló máa ń wà. Mò ń gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń ṣílẹ̀kùn, tó ń gbé báàgì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò sí lẹ́tà lónìí, mà.”

Màmá á dá a lóhùn láti inú kíṣìnì.

“Wá jẹun.”